Ẹja Òjìjí àti Orí Rissikatou

Ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá, mo kí gbogbo agboolé. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Òtútù ibí ò ṣe é fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ara mi le. Mo lérò pé ẹsẹ̀ Ìyá ti fúyẹ́, àti pé àwọn igi kajú ti ń tanná.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bàbá, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá pè, ṣe lẹ máa ń tú ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo agboolé lè gbọ́. Kí n tó kí tọmọdé tàgbà tán, ìlà á ti já. Mi ò tíì ráyè sọ irú iṣẹ́ tí mo rí fún yín.

Ilé ẹja ńlá kan ni, akuariọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Gíláàsì tó nípọn ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, omi kún inú rẹ̀, oríṣiríṣi ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àwọn èèyàn á sì wá láti ìlú lóríṣiríṣi wá wò wọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹja tí kò sí nínú ọbẹ̀, kí ni wọ́n ń wò lára rẹ̀. Tèmi kì í ṣe bíbọ́ ẹja. Tábìlì kan ni wọ́n fi mí sí, níbi tí a ti ń ṣàlàyé bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. A kì í ní kí wọ́n kàn wò lásán, àwọn fúnra wọn ló máa ń fọwọ́ ṣe é. Màá lẹ nǹkan pẹlẹbẹ kékeré méjì mọ́ ẹnì kan lápá, màá ní kó di ẹ̀ṣẹ́. Bó bá ti dì í, ẹ̀rọ orí tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. Iná kékeré tó ti inú ọpọlọ wá láti pàṣẹ fún apá ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ó wà lára gbogbo wa, a kì í kàn gbọ́ ọ ni.

Ẹlòmíì, màá fún un ní awò ojú, lúnẹ́ẹ̀tì, tó ń yí ohun tí ojú rí sápá kan, màá ní kó ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Kò ní bá a. Bó bá ṣe díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á kọ́ ọ, á máa bá a. Bó bá wá bọ́ lúnẹ́ẹ̀tì náà kúrò lójú, á tún máa tàsé sí apá kejì. Àwọn àgbà ló ń bínú jù níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi gan-an ni gíláàsì òjìjí wà. Ẹ mọ̀ ọ́n: òjìjí inú odò Térou, èyí tí àwọn apẹja Doguè máa ń fi igi tì kúrò nínú àwọ̀n nítorí iná ara rẹ̀. Odò ilẹ̀ wa ni wọ́n ti gbé e wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ilé sọ mí. Irú iná tó ń jù yẹn náà ló wà nínú ọpọlọ wa, tirẹ̀ kàn lágbára jù ni.

Kí ló dé tí àbúrò mi Rissikatou kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́? Bí mo bá ti bèèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó ń sùn. Rissikatou tí mo mọ̀ kì í sùn lọ́sàn-án. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?

Ọmọ yín tó ń rò yín,
Wassilatou


Manigri, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, 2024

Wassilatou,

Lẹ́tà rẹ bá wa láyọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Kajú tanná, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbọn púpọ̀ rẹ̀ dànù.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Ìgbà tí o ń lọ, o ní ọpọlọ ènìyàn lo fẹ́ lọ kọ́. Gbogbo Manigri ni mo sọ fún pé dókítà orí lọmọ mi. Ní mọ́ṣáláṣí, bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, èmi ni wọ́n ń wò. Ṣé kí n wá padà lọ sọ fún wọn pé ẹja lo ń fi han òyìnbó? Mi ò ní sọ ọ́. Dókítà yẹn náà ni mo ń bá lọ. Ìwọ náà má tú mi fó.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò gan-an nìyí. O ò ṣẹ àbúrò rẹ. Nǹkan kan ń ṣe é. Ní oṣù kọkànlá, ó ń ránṣọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Bassila, ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ di ẹrù rẹ̀ fún un, ó ní kó máa lọ sílé. Ó ti tún ṣe é nílé níbí lẹ́yìn ìyẹn. O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, mi ò ní kọ ọ́. Àáfà fọ wàláà, ó ní kó mu omi rẹ̀. Ó mu ún, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Àwọn obìnrin agboolé ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ní itọ́ rẹ̀ á ran ọmọ àwọn. Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò lè bá gbogbo wọn jà.

Àwọn ẹbí Yacoubou, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Pénéssoulou ò tíì gbọ́. Lẹ́yìn iṣu tuntun ni ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá gbọ́, ó parí nìyẹn, kò tún sí ẹni tó máa wá fẹ́ ẹ ní gbogbo agbègbè yìí. Mi ò lè gbé e lọ jókòó ní ilé ìwòsàn Bassila, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa fi ojú wò ó.

Ìwọ ni mo wá bi. Ìwọ lo mọ̀ nípa orí. Kí la lè ṣe fún un? Ṣùgbọ́n gbọ́ o: má sọ ọ́ lórí fóònù, má sì kọ ọ́ ní gbangba. Wassiou awakọ̀ ló ń gba lẹ́tà wá láti Bassila, ó sì fẹ́ràn láti máa yọjú wo ìwé oníwèé. Yí ọ̀rọ̀ náà po bí a ṣe máa ń ṣe nílé bí a bá ń sọ̀rọ̀ àìsàn. Màá gbọ́ ọ.

Èmi baba rẹ,
Daouda


Ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Èmi náà ń gbà á níbí, ojúmọ́ wọn ò tíì gùn púpọ̀, nítorí náà kò ni mí lára.

Lẹ́tà yín dùn mí, ó sì bí mi nínú. Ó dùn mí nítorí ẹni tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bí mi nínú nítorí iṣẹ́ mi. Bàbá, iṣẹ́ gidi ni. Àwọn èèyàn á wọlé wá láìmọ ohunkóhun nípa orí ara wọn, wọ́n á sì jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń rò. Èmi kì í ṣe dókítà, mo ti sọ ọ́ fún yín tipẹ́. Àwọn tó ń wá sídìí tábìlì mi náà máa ń gbàgbé, wọ́n á máa ka àìsàn wọn fún mi, màá ní kí wọ́n lọ bá dókítà wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bi mí, mo gbọ́ àṣẹ yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ní tòótọ́, màá bi í. Ẹ bá mi kí ẹni náà, ẹ ní mo ń rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìròyìn ibi iṣẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n wá bá wa. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ bà, kí iná ẹja náà ta á díẹ̀, kò ju bí èèrà ṣe ń ta lọ. Ó fọwọ́ bà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, kò tíì dákẹ́ báyìí rí. Ìyàwó rẹ̀ ní ṣé a lè ta ẹja náà fún àwọn. Mo tún máa ń sọ fún àwọn àlejò pé láyé àtijọ́, kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn kan máa ń gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ lé orí ẹni tí orí ń fọ́, bó bá sì ti ta á tán, orí náà á fúyẹ́. Ìtàn yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwa tí òjìjí wà nínú odò wa, ọ̀pá la fi ń lé e.

Ẹ bá mi tọrọ àdúrà lọ́dọ̀ Ìyá.

Wassilatou


Manigri, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 2024

Wassilatou, ọmọ mi àtàtà,

A ti túnu, a dúpẹ́. Ìyá rẹ se oúnjẹ ọdún, ó ní kí n sọ fún ọ pé ó bu tìrẹ sọ́tọ̀, ó sì fún ọmọ aládùúgbò jẹ ní orúkọ rẹ.

Ọmọ tó gbọ́n ni ọ́. Wọ́n ti ṣí lẹ́tà rẹ kó tó dé ọwọ́ mi bí mo ṣe wí, Wassiou sì ń bi mí pé irú ẹja wo nìyẹn. Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi ni. Kò fura rárá. Èmi náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé o ò dá mi lóhùn ni, inú bí mi, mo jù ú sórí àká. Ìgbà tí mo tún un kà ni mo tó rí i: ọwọ́ tó ń gbọ̀n tó dákẹ́, orí, òjìjí, odò wa. Àgbà gan-an ò lè yí i po jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ fi ní kí ló dé. Mi ò sọ fún un.

Mo ti ránṣẹ́ sí Chérif, apẹja kan tí mo mọ̀ ní Doguè. Ó ní odò ti fà, àwọn ẹja ti há sínú ibú kéékèèké, òun á rí òjìjí ńlá kan mú fún wa. Ó ní ká yára, nítorí òjò ti ń ṣú, bí odò bá kún báyìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà mi ò ní dúró de èsì rẹ. Bí a bá kírun Jímọ̀ tó ń bọ̀ tán la ó lọ, èmi àti Rissikatou nìkan. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé ilẹ̀ oko la fẹ́ lọ wò.

Ohun kan ṣoṣo lo ò sọ: ṣé inú omi la ó ti gbé e lé e lórí, àbí lórí ilẹ̀? Mo rò pé inú omi ló dára jù, torí inú omi ni tìrẹ náà wà. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa iṣẹ́ ẹja yẹn, mo gbà á padà.

Baba rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Daouda


Ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá,

Ẹ má bínú pé mi ò kí ilé. Òní ni lẹ́tà yín dé. Mo pe fóònù yín, kò lọ. Mo pe ti Ìyá. Ìyá ní àlàáfíà ni gbogbo yín wà. Mo ní Bàbá ńkọ́, wọ́n ní ẹ ń sinmi. Mo ní Rissikatou ńkọ́, wọ́n ní ó ń sùn. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn wọn, mo sì mọ̀ pé Ìyá ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ò bá tíì ṣe é, ẹ má ṣe é. Mi ò yí ọ̀rọ̀ kankan po. Ìtàn ẹja ni mo ń sọ, kò sí ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá arúgbó yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Òjìjí odò ńkọ́, ó lè gbé géńdé ṣánlẹ̀. Bí àìsàn yẹn bá sì mú Rissikatou nínú omi, omi tí kò ju orúnkún lọ tó láti pa á.

Màá dárúkọ rẹ̀ báyìí, kí Wassiou kà á bó bá wù ú. Wárápá ni. Wárápá ló ń ṣe Rissikatou. Àwọn iná kéékèèké inú ọpọlọ tí mo sọ fún yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n máa tàn. Bí gbogbo wọn bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ara á ṣubú. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìwà rẹ̀ ló fà á. Itọ́ rẹ̀ ò lè ran ẹnikẹ́ni. Dókítà tí mo bi ní oògùn oníhóró wà, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, a kì í sì í dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Bassila. Bó bá ṣubú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ dúró tì í títí á fi jí. Kó má dá lọ sódò, kó má sì dá wà nídìí iná.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, inú sì ń bí mi sí yín gidigidi. Ẹ fẹ́ gbé ẹja lé ọmọ yín lórí kí àwọn ará Pénéssoulou má bàa rí i ní ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Bí Yacoubou bá máa kọ̀ ọ́, kó kọ̀ ọ́ láàyè.

Ẹ ní kí ẹnì kan kọ̀wé sí mi. Ẹnikẹ́ni.

Wassilatou


Manigri, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi Rissikatou ni mò ń kọ ọ́, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀, mo wà láàyè. Bàbá náà wà láàyè. Kò lè kọ̀wé ni, egungun ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ti fi nǹkan funfun líle wé e láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Ìyá sọ fún yín pé mò ń sùn. Láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń sùn. Bí mo bá ń sùn tó bí wọ́n ṣe ń wí, ǹ bá ti sanra.

Ẹ jẹ́ kí n ro ti Doguè fún yín. Bàbá ní ilẹ̀ oko la fẹ́ lọ wò, ṣùgbọ́n ó ní kí n mú aṣọ mìíràn dání, mo sì ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ìgbà tí a dé etí odò, Chérif ti dá ẹja náà mọ́ inú ibú kan, ó tóbi tó itan mi. Bàbá ní kí n wọ inú omi, kí n tẹrí ba. Mo ní nítorí kí ni. Ó ní, "Oògùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ ránṣẹ́ ni." Mi ò tún bèèrè nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin la gbẹ́kẹ̀ lé, nǹkan náà sì ti sú mi, kò sí ohun tí wọ́n máa ní kí n ṣe tí mi ò ní ṣe. Mo bọ́ bàtà. Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ omi.

Bàbá wá dì mí lápá mú. Ó ní, "Dúró ná. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Ẹ rántí pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe bí wọ́n bá gbo agbo kíkorò fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Ó fà mí padà sórí ilẹ̀, ó wọ inú omi lọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹja náà mú. Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó fò sẹ́yìn, ó ṣubú lé àpáta. Orí rẹ̀ wà nínú omi. Chérif ń pariwo pé kí n má fọwọ́ kàn án, ó ń fi igi ti ẹja náà lọ sápá kejì, èmi ti wọ inú omi ní tèmi. Mo fi aṣọ rẹ̀ fà á jáde. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti yí kọjá bó ṣe yẹ kí ọwọ́ yí. Orí alùpùpù Chérif la gbé e sí lọ sí Bassila, Chérif níwájú, Bàbá láàárín, èmi lẹ́yìn, tí mo gbá a mọ́ra kó má ṣubú.

Ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n ṣe ń to egungun rẹ̀, èmi náà wá ṣubú, lójú gbogbo èèyàn. Ìgbà tí mo lajú, nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí nílẹ̀, ó ti ká ìborí rẹ̀ sábẹ́ orí mi. Ó ní láti ìgbà wo. Bàbá dáhùn láti ibi tó wà, ó ní kò ṣe mí rí. Mo ní láti oṣù kọkànlá. Bàbá yí ojú sí ògiri.

Wọ́n fún mi ní oògùn, ṣùgbọ́n bí a ṣe délé ni Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní bí ẹnì kan bá rí i lọ́wọ́ mi, àwọn ará Pénéssoulou á gbọ́. Abẹ́ àpò ìrẹsì ló gbé e sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà yín dé. Ó ní kí n má kà á o. Mo ti kà á kó tó kà á. Ó gbé e lé orúnkún, ó kà á láàárọ̀, kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé oògùn náà wá fún mi pẹ̀lú omi, ó dúró títí mo fi gbé e mì. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé e wá.

Ṣùgbọ́n oògùn náà á tán. Nọ́ọ̀sì ní èmi fúnra mi ni kí n máa wá gbà á, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pín in. Mo ti sọ fún Bàbá. Ó ní òun gbọ́. Mo mọ "mo gbọ́" Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tó nípọn. Ẹ má sì kọ ìtàn ẹja sí Bàbá mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Àbúrò yín,
Rissikatou


Ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ ogún oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá, ẹ kú ọgbẹ́ ọwọ́. Rissikatou ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo kà á, mo sunkún, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Mi ò sọ ìtàn ẹja orí yẹn fún àwọn àlejò mọ́. Bí wọ́n bá ní oògùn wo ló wà lára òjìjí, màá ní kò sí.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ. Bí oògùn bá tán, ẹ bá a lọ. Ẹ má rán an pẹ̀lú Ìyá, ẹ má sì ní kó dá lọ. Bí wọ́n bá rí ẹ̀yin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wà nínú àpò ìwé yìí.

Wassilatou


Manigri, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje, 2024

Wassilatou,

A kí ọ. Wọ́n ti tú ọwọ́ mi, bírò ṣì ń yọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí ìlà mi bá wọ́, má rẹ́rìn-ín. Òjò ń rọ̀ dáadáa. A ti wa iṣu àkọ́kọ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ó dára ju ti èṣí.

Mo ti sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé o kì í ṣe dókítà. Wọ́n ní kí wá ni o ń ṣe. Mo ní o ń fi han àwọn èèyàn bí orí ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ìyẹn náà dáa. Wọn ò tún bi mí mọ́.

Oògùn náà tán. Mo jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kírun, mo jókòó. Rissikatou ti wọṣọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá dìde, kò ní bẹ̀ mí. Mo dìde. Ọkọ̀ Wassiou la wọ̀. Ó bi mí níbi tí à ń lọ. Mo ní ilé ìwòsàn. Ó ní ara ta ni kò yá. Mo ní ti ọmọ mi.

A débẹ̀, wọ́n tọ́ka ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn rẹ̀ fún wa, lẹ́yìn ilé, níbi tí kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Àga gbọọrọ kan wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó lé e, obìnrin kan tó fi ìborí bo ojú dé imú. Mo kí i. Ìgbà tó dáhùn ni mo mọ ohùn rẹ̀. Ìyá Yacoubou ni.

Wassilatou, mo fẹ́ yí padà. Ẹsẹ̀ mi ti yà. Ṣùgbọ́n Rissikatou ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ọkọ, ìwé oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wo ìwé náà. Ó mú tirẹ̀ jáde lábẹ́ ìborí. Àwọ̀ kan náà ni.

Ó bi Rissikatou pé láti ìgbà wo. Rissikatou sọ fún un. Ó ní ti òun ti wà láti ìgbà tí òun wà ní ọmọge. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń bọ̀ níbí, òun á ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Bassila. Ó ní ọkọ òun ti kú, kò mọ̀ títí tó fi kú.

A ò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Mi ò mọ ohun tó máa lọ sọ nílé. Ó sún sápá kan lórí àga náà, ó fa Rissikatou lọ́wọ́, ó ní kó jókòó. Àwọn méjèèjì jókòó, èmi dúró tì wọ́n, a ń dúró kí wọ́n pè wá.

Baba rẹ,
Daouda